Àlùbọ́sà Òyìnbó Ẹ̀yìnkùnlé Wa

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Bí o bá kí mi tí o rẹ́rìn-ín jù, ọwọ́ rẹ ni n ó kọ́kọ́ wò, bóyá o fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ mi ní ìwà yìí ò dáa. Mo ní kí wọ́n lọ gbé inú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, fún oṣù kan péré, kí wọ́n tó wá kọ́ mi níwà. Nínú agbo ilé yẹn, bí ẹnìkan bá gbin ata, ẹlòmíràn á fẹ́ mọ ojú ẹni tó fẹ́ fi í sí. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọmọdé pàápàá ń lo oògùn náà.

Tíṣà ìjọ ni bàbá mi. Ibà mú un, ó sì kú kí n tó mọ ìwé kà dáadáa. Èmi nìkan ló bí, obìnrin sì ni mí. Ohun tó fi sílẹ̀ fún èmi àti ìyá mi kò ju ilé oníyàrá méjì ní igun agbo ilé, pẹ̀lú ẹ̀yìnkùnlé tó lọ títí dé ibi àpáta, níbi tó gbin igi obì sí. Obì yẹn la fi ń jẹun, òun náà la fi ń ra aṣọ. Ìyá mi tún ń gbin ilá àti ẹ̀fọ́ sáàárín wọn. Bí wọ́n bá gba ẹ̀yìnkùnlé yẹn lọ́wọ́ wa, kò sí ohun tó kù ju kí ìyá mi di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, kí wọ́n sì dá èmi dúró, nítorí ọmọ ẹbí ni mí. Kò sí ẹni tó jókòó sọ èyí fún mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹni tó lè gbà á ni àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ parí, ẹbí ní kí ó ṣú ìyá mi lópó, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní òun ò ṣe. Ó ní inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti so òun pọ̀ mọ́ ọkọ òun, òun ò ní lọ ṣe ìyàwó kejì fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Kékeré ò jẹ oúnjẹ ìyá mi mọ́ láti ìgbà náà lọ, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sára igi obì wa. Ó máa ń sọ ọ́ sókè kí a lè gbọ́: "Obìnrin tó kọ ọkọ nínú ulé yìí, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe?" Ulé là ń pe ilé lọ́dọ̀ wa. Bó bá ti sọ ọ́ báyẹn, n ó sáré lọ ka igi obì wa wò.

Nígbà náà, ìyá mi ń fọ aṣọ, ó sì ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, fún ìyàwó àlùfáà òyìnbó kan tó ń gbé lórí òkè. Ọgbà wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí òdòdó náà. Wọ́n gbìn ín yí òkúta ńlá kan ká. Ewé rẹ̀ gùn, ó tẹ́ bí bẹ́líìtì, ó sì ń dán. Láàárín ewé yẹn ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń yọ lọ sókè, tí kò ní ẹ̀ka, tí kò ní ewé. Orí rẹ̀ ni àwọn òdòdó kéékèèké máa ń pé jọ sí, gbogbo wọn funfun báláú. Agapáńtọ́ọ̀sì ni òyìnbó ń pè é. Ìyá mi gbìyànjú orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Nígbà tí àwọn òyìnbó náà ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé wọn, ìyàwó àlùfáà wú díẹ̀ fún ìyá mi sínú apẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ sanra bí ìka ọwọ́. Ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe máa ṣí i nípò kiri, pé bí wọ́n bá ń hú u tí wọ́n ń tún un gbìn, á bínú, kò sì ní yọ òdòdó. Ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀ náà rù wálé bí ẹni tó ru ẹyin.

Mo rò pé iwájú ilé ni yóò gbìn ín sí, níbi tí ènìyàn á ti rí i. Rárá o. Ẹ̀yìnkùnlé ló lọ. Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó fi ọwọ́ lérán. Lẹ́yìn náà ló mú okùn ìfàmi, ó so ẹnu kan mọ́ òpó ilé ìdáná wa, ó ní kí n di ẹnu kejì mú kí n máa lọ síhà àpáta. "Fà á kó le," ó ní. Mo fà á. Ó wá ń gbìn ín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, láàárín ẹ̀yìnkùnlé tiwa àti ti Bàbá Kékeré, títí ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ fi tán ní agbedeméjì. Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀. Ó ní ibi tí omi òjò ti máa ń ṣàn kọjá ni òdòdó náà fẹ́ràn. Mo gbà. Kí ni n bá ṣe tí n ò gbà? Ìyá mi ló sọ ọ́.

Ojú ọ̀sán ni Bàbá Kékeré ti oko dé. Ó dúró. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì nù ún sára ògiri.

"Kí ni èyí?"

"Òdòdó ni, ọkọ mi," ìyá mi dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ṣe ń pe gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Òdòdó dà?"

"Kò tí ì yọ ni."

Bàbá Kékeré sọ pé "Hùn-ún," ó sì wọlé lọ. "Hùn-ún" yẹn ló ba ọjọ́ mi jẹ́.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń ba Bàbá Kékeré lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Láyé ìgbà yẹn, a ò mọ ìwé ilẹ̀. Pèrègún ni ìwé wa. Bí o bá dé oko tí o rí pèrègún tó tò lọ lẹ́sẹẹsẹ, ibi tí ilẹ̀ ẹnìkan parí sí nìyẹn, ibẹ̀ ni ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fà á tu ti dá ìjà sílẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ á bá a parí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í dá pèrègún gbìn. Ojú àgbà ni wọ́n ti ń gbìn ín, kí àwọn méjèèjì fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà, kí ẹlẹ́rìí sì gbọ́. Bí opó kan bá lọ ri pèrègún mọ́ ilẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, wọ́n á lé e kúrò lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ti ìyá mi kì í ṣe pèrègún. Ohun tó ń dun Bàbá Kékeré nìyẹn. Kò mọ ohun tó jẹ́.

Òdòdó náà kò sì yọ. Ọdún yí, kò yọ. Ewé ló ń ṣe ṣáá. Ewúrẹ́ ò jẹ ẹ́, ènìyàn ò jẹ ẹ́, kò wo ẹ̀fọ́rí, kò wo inú rírun. Àwọn ọmọ agbo ilé sọ ọ́ ní àlùbọ́sà òyìnbó, wọ́n ń fi ṣe wá yẹ̀yẹ́. Ìyàwó Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ bí a bá ń kọjá. Adìẹ rẹ̀ kan kú, ó ní àlùbọ́sà òyìnbó ló pa á. Adìẹ tó ti ń sín, tó ń wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀ kiri! Mo sọ fún un pé àìsàn ló pa adìẹ. Ó ní, "Ta ló bi ọ́?" Lóòótọ́, kò bi mí, ṣùgbọ́n ṣé kí n panu mọ́ ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jí bá mẹ́ta lára wọn lórí ààtàn, gbòǹgbò wọn lókè. Mo ní èèyàn ló wú u. Ìyá mi ní bóyá ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ wo ló mọ ọ̀nà ààtàn? Mo lọ wo ọkọ́ ìyàwó Bàbá Kékeré, ó mọ́. Mo wo ti ọmọ rẹ̀, ó mọ́. Mo wo ti Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀, ilẹ̀ tútù wà lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn kò sì lọ sóko. Mo sáré wá sọ. Ìyá mi ní kí n dákẹ́. Ó tún àwọn mẹ́ta náà gbìn, ó da eérú sí wọn nídìí. Kò pẹ́, wọ́n tún wú àwọn mìíràn. Ó tún wọn gbìn. Bí wọ́n ṣe ń hú u bẹ́ẹ̀ ni òdòdó ń bínú, tí kò yọ, bí kò sì ṣe yọ ni wọ́n ń rí ìdí láti hú u. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ya wèrè.

Nígbẹ̀yìn, Bàbá Kékeré pe ẹbí jọ. Bàbá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé, ló jókòó sáàárín, ó ń fín áṣáà. Bàbá Kékeré dìde, ó na ìka sí ẹ̀yìnkùnlé.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó ní. "Ta ló ń gbin òdòdó ní títò lọ gbọnrangandan bí ẹni tó ń la ọ̀nà? Pèrègún òyìnbó nìyẹn. Ó fẹ́ gé ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ."

Gbogbo wọn wo ìyá mi. Ó kúnlẹ̀. "Òdòdó ni, ọkọ mi," ó ní. "Kẹ́ ẹ ṣáà jẹ́ kó rí ìsinmi, á yọ."

"Láti ọjọ́ wo?" Bàbá Kékeré béèrè.

Bàbá Àgbà sín, ó nu imú rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án títí àsìkò òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ á fi kọjá. Bó bá yọ òdòdó, òdòdó ni, kí ó dúró síbi tó wà. Bí kò bá yọ, irọ́ ni ìyá mi pa fún ẹbí, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú u, kí Bàbá Kékeré sì gba ẹ̀yìnkùnlé àti igi obì.

Mo rò pé ìyá mi á bẹ̀bẹ̀, á sunkún, á ní kí wọ́n gba òdòdó, kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mo gbà bẹ́ẹ̀." Bí ẹni pé obì kan ni wọ́n ní kó mú wá! Mo fẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ewé tí kò tí ì ṣe ohun kan fún wa rí ló fi gbogbo ohun tí a ní lé lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, mi ò fi ojú sùn dáadáa mọ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ìdí òdòdó ni mò ń jókòó sí. Ọyẹ́ dé, ewé rẹ̀ pọ́n ní ẹnu, mo ní wọ́n ti da iyọ̀ sí i. Mo tọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò pẹ̀lú ahọ́n mi. Iyọ̀ ò sí. Bàbá Kékeré pẹ̀lú máa ń gbé àpótí rẹ̀ wá sí ìhà tirẹ̀ láràárọ̀, á máa rin orín, á máa wo òdòdó. Èmi náà á máa wò ó. A ò kí ara wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tó da omi inú igbá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbà mí o! Mo kígbe débi pé gbogbo agbo ilé tú jáde. Mo ní omi gbígbóná ló dà sí i, mo ní ó fẹ́ pa wá, ó fẹ́ kí ìyá mi máa tọrọ jẹ. Bàbá Kékeré dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Omi tí mo fi yọ ẹnu ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ojú tí o fi ń wò mí nìyí?" Mo fẹ́ sọ pé ojú wo ni kí n tún fi wò ó. Ìyá mi ti gbá mi létí kí n tó la ẹnu. Ó ní kí n kúnlẹ̀ fún un, mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gba ọ̀rọ̀ omi yẹn gbọ́ títí di òní.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ó rọ̀ bí ìgbà mélòó kan, kò sí nǹkan. Ìyàwó Bàbá Kékeré ti ń ka èso obì wa lórí igi, ó ń tọ́ka. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ mo tún ń fura sí Ọlọ́run. Ìgbà náà ni mo rí ohun kan láàárín ewé ọ̀kan, tó gbórí sókè, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Mo pe ìyá mi. Ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà látọjọ́ yìí.

Igi náà ń ga sí i. Awọ orí rẹ̀ ya. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, òdòdó ti là, funfun, ó pé. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Mo fò sókè, mo sáré yí agbo ilé ká: "Ó ti yọ o! Ẹ wá wo àlùbọ́sà o!"

Bàbá Àgbà fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Ó fi ọwọ́ kan òdòdó, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. "Òdòdó ni," ó ní. "Ó parí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fà á tu mọ́." Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan nínú wọn sọ pé ẹni tó bá àlùbọ́sà jà, omijé ni yóò fi jẹun. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Ojú Bàbá Kékeré pọ́n. Ó nà ró níwájú gbogbo ẹbí, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè.

"Ó dáa! Ẹ ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Láti òní lọ, ẹsẹ̀ mi ò ní kọjá ibi tí òdòdó yìí tò dé mọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ mi náà ò ní kọjá rẹ̀. Kí obìnrin yìí àti àlùbọ́sà rẹ̀ máa jẹ̀gbádùn ara wọn."

Ó yẹ kí ìyàwó ilé sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe báyẹn sọ̀rọ̀, kó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí nìyẹn. Ìyá mi kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó sì tẹrí ba. "Ẹ ṣé o, ọkọ mi," ó ní.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Òdòdó náà ń yọ lọ́dọọdún, mo ti ń gùn bí ìyá mi. Ọmọ Bàbá Kékeré tó dàgbà jù ti ìhà Oǹdó dé, níbi tó ti lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó, ó ní òun fẹ́ kọ́lé. Ká tó mọ̀, ó ti kan èèkàn mọ́ ìdí igi obì wa. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni, ta ló máa bi òun?

Ìyá mi kò bá a jà. Ó lọ pe Bàbá Àgbà. Bàbá arúgbó náà ò rìn dáadáa mọ́, wọ́n fẹ́ẹ̀ gbé e wá ni. Ó na ọ̀pá sí òdòdó.

"Ìwọ ọmọ yìí, bàbá rẹ dúró síbí, ó fi ilẹ̀ kan ahọ́n, ó ní ẹsẹ̀ òun àti ẹsẹ̀ ọmọ òun ò ní kọjá ibí yìí. Ojú gbogbo wa ló ṣe." Ó yíjú sí Bàbá Kékeré. "Ìwọ lo sọ ọ́ àbí ìwọ kọ́?"

Bàbá Kékeré yíjú sí òdòdó. "Èmi ni," ó ní.

"Ẹyin lohùn. Ó ti fọ́. Ààlà nìyẹn." Bàbá Àgbà ní kí ọmọ náà fa èèkàn rẹ̀ tu. Ó fà á tu, ó ń kùn. Bàbá Kékeré gbé àpótí rẹ̀ wọlé, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Kò sí ẹni tó tún bá wa fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn mọ́. Lórí rẹ̀ ni mo kọ́ ilé tí mò ń gbé lónìí sí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá mi ní kí á pín òdòdó náà, nítorí ó ti fún ara rẹ̀ pọ̀ jù. A hú u, a fi ọ̀bẹ ya gbòǹgbò rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Inú mi ń dùn. Mo ní, "Ìyá, ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe gbèjà wa. Òdòdó lásán-làsàn ló sọ di ààlà."

"Ọlọ́run ṣeun," ìyá mi dáhùn. Ó ń gbọn ilẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, kò gbójú sókè. "Ṣé Ọlọ́run náà ló bá mi di okùn mú?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rántí ọgbà òyìnbó lórí òkè, bí wọ́n ṣe gbìn ín roboto yí òkúta ká. Mo rántí bó ṣe rin ẹ̀yìnkùnlé lọ tó rìn ín bọ̀, tó fi ọwọ́ lérán. Mo rántí "Ẹ ṣé o, ọkọ mi." Yéè! Pańsá ò fura, pańsá já iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Gbogbo agbo ilé yẹn ni mo fura sí, títí dórí ewúrẹ́. Ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sùn lórí ẹní kan náà ni mi ò fura sí. Bàbá Kékeré nìkan ló rí òótọ́ nínú gbogbo wa, a sì fi ṣe ẹlẹ́yà.

Mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè. Ó ti so okùn mọ́ òpó ilé ìdáná, ó na ẹnu kejì sí mi.

"Fà á kó le," ó ní. "Ó kù díẹ̀ kó dé ibi àpáta."